Ihò Ni Kí Ẹ Wá, Ẹ Má Bú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń jáde ilé-ìwé, wọ́n á ti sọ fún yín pé kí ẹ ṣe bí akin, n kò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú ni mo bá wá: ọjọ́ tí èsì JAMB bá jáde, tí máàkì kò tó, tí ẹ sì ní láti máa gba Ìyànà Ìbà kọjá lójoojúmọ́, kí ẹ máa wo àwọn ẹgbẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, lọ. Lọ́jọ́ náà, ohùn kan á máa sọ nínú yín pé, "Olódo ni ẹ́. O ò lè da nǹkan kan láyé." Ẹ má fi ohùn yẹn ṣe olùkọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ni àgbà ń wá lẹ́yìn? Ohun tó gbé e ṣubú ni. Kò jókòó síbẹ̀ kó máa ṣépè fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nínú Navy Town, bárékè àwọn ọmọ ogun ojú omi níbí, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè: bí omi bá ń wọ ọkọ̀, ihò ni wọ́n ń wá, wọn kì í bú ọkọ̀.

Bí ohùn yẹn kò bá lọ, ó lè jẹ́ àmì àìsàn ìsoríkọ́. Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni ìsoríkọ́, pé kò sí láàárín àwọn Yorùbá. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1961, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, wọ àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ nípa ìlera ọpọlọ. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963. Wọn kò bá orúkọ kan ṣoṣo tí ará abúlé ń pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n bá àwọn àmì rẹ̀: ẹkún, àníyàn, àìlèjẹun, kí ayé súni. Ìdálẹ́bi ara-ẹni tó kọjá ààlà náà wà lára àmì tí dókítà fi ń dá ìsoríkọ́ mọ̀ lónìí. Ohun tí mo dì mú nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Bí ibà bá mú ènìyàn, òtútù á máa mú un nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kò sì sẹ́ni tó máa torí òtútù yẹn sọ pé oòrùn kò ràn. Kí ló wá dé tí a fi ń gba ohùn tó ń pè wá ní olódo gbọ́?

Mo mọ̀ pé nínú bárékè, ìbáwí kì í ṣe ohun àfiṣeré, àwọn òbí kan sì lè máa rò ó pé mo fẹ́ kọ́ ọmọ wọn ní ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹni tó ní olódo lòun, kí ló tún fẹ́ kàwé fún? Ó ti dá ẹjọ́, ó ti tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní, "Álíjíbírà ni kò yé mi, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni," ó ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun òun, ó sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Nínú àwọn méjèèjì, èkejì ló bá ara rẹ̀ wí. Èébú lásán ni tàkọ́kọ́, ọ̀lẹ gan-an sì lè sá sábẹ́ èébú.

Dídìde náà kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Láti 1954, Lambo kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, mọ̀lẹ́bí kan a sì máa bá aláìsàn gbé, kó máa gbọ́únjẹ fún un. Àwọn aláìsàn ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣe. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà, kó sì lo oògùn rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní ebi ló ń pa wá, kì í ṣe ìsoríkọ́, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò lè dìde lórí ẹní kò lè wáṣẹ́ lọ sí ọjà Alábà. Ẹnu wa náà wà lára ohun tó ń dí ìrànlọ́wọ́ lọ́nà: láti 1907 ni wọ́n ti ń tọ́jú ènìyàn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, ẹnu ará Èkó sì ti sọ "Yaba Left" di èébú tí wọ́n fi ń pe ènìyàn ní wèrè! Òfin wèrè ọdún 1958 ni a ṣì ń lò títí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, fi fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Òfin ti yí. Ó ku ẹnu wa.

Kí ẹ tó kúrò lórí pápá yìí, kí oníkálukú yan ẹnì kan, kó sọ fún un pé, "Bí o kò bá gbúròó mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, wá kanlẹ̀kùn wa." Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni àwọn dókítà ń kà kí wọ́n tó pè é ní ìsoríkọ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì fún ara yín, ì báà jẹ́ Okokomaiko, ì báà jẹ́ Ìbà. Ẹ má gba nọ́ńbà nìkan, torí ẹni tí ayé bá sú a máa pa fóònù.