Òǹkàwé àti Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka ìwé ìtàn àròsọ kan tán, ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń bá pàdé: Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ta ni olú ẹ̀dá-ìtàn? Ẹ̀kọ́ wo ni ìwé náà kọ́ni? Ìbéèrè kẹrin, èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú wọn, ni a kì í sábà gbọ́: Kí ni ìwé náà ṣe fún ìwọ tí o kà á? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tilẹ̀ fi ìgboyà kọ ọ́ pé inú bí òun, tàbí pé ẹ̀rù ba òun, tàbí pé òun kò gba òǹkọ̀wé gbọ́, ó lè jẹ́ pé pẹ́ńsù pupa ni a ó fi dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń kọ́ láti fi èrò ara wọn pamọ́, tí wọ́n sì ń há èrò ẹlòmíràn sórí.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí ni pé ìmọ̀lára òǹkàwé kì í ṣe ìdíwọ́ fún ìmọ̀ ìwé; òun gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó bá ti lè fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ohun tí a kọ.

Èrò yìí kì í ṣe àjèjì sí ìwé Yorùbá. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti pín iṣẹ́. Ó fi ìtàn náà wé ìlù tí ń fi òwe sọ̀rọ̀. Ó ní òun ni yóò lù ú, àwọn ọlọ́gbọ́n tí ń gbọ́ ọ ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Bí òǹkàwé bá wá káwọ́ gbera, tí ó ń retí kí olùkọ́ bá òun túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ìlù ń dún lásán ni.

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni ó dára jù láti fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń sọ pé tòyìnbó ni, kò kan ọmọ Yorùbá. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé a mú ohun kan tí sáyẹ́ǹsì ti ṣe, tàbí tí ó lè ṣe lọ́la, a sì bèèrè pé: bí èyí bá ṣẹ, báwo ni ènìyàn yóò ti máa gbé ayé? Amos Tútùọlá kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, nínú My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní ọdún 1954, iwin obìnrin kan wà tí ó ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Inú àtẹ́lẹwọ́ yìí ni ọmọ tí ó sọnù sínú igbó ti rí ìlú rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọkàn Yorùbá kò ṣe àlejò nínú irú ìrònú yìí.

Ní ọdún 1898 ni H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ The War of the Worlds di ìwé, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn kan ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ ní ọdún 1897. Àwọn ẹ̀dá kan ti inú ayé Mars wá, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ sí ìtòsí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ohun ìjà tí ń ta ìtànṣán gbígbóná, tí ń sun ènìyàn àti ilé kí a tó ṣẹ́jú. Ìbọn ńlá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n. Àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ìjọba sì tú ká.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá kà á lè bi ara rẹ̀ pé: bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí wa ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá kà á lè wí pé: ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ní Ìmàgbọ̀n, àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pọ̀ ju àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá lọ. Ìgboyà kò wọ́n wọn. Ìbọn Maxim, tí ń yìn ọta léraléra láìdúró, ni ó ṣẹ́gun wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọdún kan náà tí ìtàn Wells kọ́kọ́ jáde, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú Ìbìní, tí wọ́n sì kó àwọn ère idẹ ààfin lọ.

Ǹjẹ́ òǹkàwé tí ó rántí Ìmàgbọ̀n níhìn-ín ti yà kúrò lórí ohun tí ó ń kà? Rárá. Ní orí kìn-ín-ní, Wells fúnra rẹ̀ rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí ohun tí àwọn ará Yúróòpù ṣe sí àwọn onílẹ̀ Tasmania, ó sì bi wọ́n bí wọ́n bá lè ráhùn bí ará Mars bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn. Ó kọ ọ́ pé àwọn onílẹ̀ náà ti run tán. Ṣùgbọ́n àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà títí di òní. Òǹkàwé lè rí ẹ̀rí gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kí ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ibi tí òǹkàwé yìí ti lè bá Wells jiyàn jù ni ìparí ìtàn. Kì í ṣe ènìyàn ni ó ṣẹ́gun àwọn ará Mars. Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ni ó pa wọ́n, nítorí pé ara wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ irú ààbò bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ibà ni ó ń pa òyìnbó létíkun, tí wọn kò fi lè wọ inú ilẹ̀ lọ bí wọ́n ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1854, ọkọ̀ ojú omi Pleiad gòkè odò Ọya, Dókítà Baikie ni ó ṣáájú rẹ̀, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà ń lo kùnínì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kú. Ààbò náà ti fọ́. Nítorí náà, òǹkàwé lè sọ pé: òǹkọ̀wé yìí fún àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ìdáǹdè tí a kò fún wa.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn yìí ni Tade Thompson gbà lọ́nà mìíràn nínú Rosewater, tí ó jáde ní ọdún 2016, tí ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ọdún 2019. Ní Nàìjíríà ni àlejò láti òde ayé wà nínú ìtàn yìí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ibùgbé rẹ̀ ń ṣí, tí àwọn aláìsàn tí ó pé jọ yí i ká sì ń rí ìwòsàn. Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn nílé lè ka ibẹ̀ pẹ̀lú ìpòǹgbẹ, kó tó bi ara rẹ̀ ní ohun tí ìwòsàn ọ̀fẹ́ yóò gbà padà.

Síbẹ̀, ìrora tí ìwé tú sílẹ̀ lè di àwáwí. Ẹni tí ó rí ara rẹ̀ nínú ìwé Wells gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a jẹ níyà lè gbàgbé pé kì í ṣe àjèjì nìkan ni ó ń jẹni níyà. Kí ó wá ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Àwọn ará Òkè Ògùn ni ó ń jà fún òmìnira níbẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn ni ó sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìwé yìí kò pa ìmọ̀lára àkọ́kọ́ rẹ́; ó ń bèèrè pé kí òǹkàwé wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí òǹkàwé dá wà pẹ̀lú ìmọ̀lára rẹ̀. Nínú Frankenstein, tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní ọdún 1818, onísáyẹ́ǹsì kan dá ẹ̀dá abàmì kan, ó sì sá fún un lọ́jọ́ tí ó lajú. Ẹ̀dá náà fara pamọ́, ó ń tẹ́tí sí ìdílé kan, ó sì tibẹ̀ mọ̀wé kà. Ọ̀kan nínú ìwé tí ó rí he ni ewì Milton lórí Ádámù àti Sátánì. Ó gbà á bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ó fi ara rẹ̀ wé Ádámù, ṣùgbọ́n ó rí i pé Ádámù ní ẹlẹ́dàá tí ń tọ́jú rẹ̀. Sátánì ni ó wá rò pé òun jọ jù. Ó ka ìwé náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí yóò bá a sọ ọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òǹkàwé yìí kò rí ọgbọ́n ẹlòmíràn fi kún tirẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò nira. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ohun tí ìwé ṣe fún un, kí ó tó gbọ́ ti olùkọ́ tàbí ti alámèyítọ́. Lẹ́yìn náà kí a bi í pé: ojú ìwé wo ni ó mú ọ rò bẹ́ẹ̀? Kí a sì fún un ní ìwé mìíràn tí yóò ta ko ti àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ pé ìwé Wells sú òun, nítorí pé ohùn obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ dún nínú rẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀. Bí ó bá tọ́ka sí ibi tí ó ti rí i, máàkì rẹ̀ tọ́ sí i. Bí kò bá lè tọ́ka, kí ó padà lọ kà á.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń gba ìwé ẹ̀rí tán tí kì í ṣí ìwé ìtàn àròsọ kan mọ́ láyé. Wọ́n mọ̀wé kà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni pé àwọn náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí i.