Ohun tí Ojú Alágbàsọ Ń Rí

  

Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ sí ètò yìí ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ó ní òun fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ti rí ní ilé-iṣẹ́ alukoro, nítorí pé òun máa ń rí àwọn tí ń ṣe é nínú aṣọ tí ó dára, ní ibi àpèjẹ tí ó dára, láàrin àwọn ènìyàn ńláńlá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ìwé náà. Irú ojú yẹn gan-an ni èmi náà fi wò ó kí n tó wọ ibẹ̀.

Alukoro tí gbogbo wa mọ̀ jù ni èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo: alukoro ọlọ́pàá, alukoro yunifásítì. N kò sọ ti ìyẹn. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàṣe ni mo ń wí, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ alukoro fún báńkì lónìí, fún oníbíà lọ́la, fún olóṣèlú ní ọ̀túnla. Oníbàárà ń san iye kan fún wọn lóṣooṣù, wọn a sì máa bá a kọ àtẹ̀jáde, wọn a máa bá a pe ìpàdé àwọn oníròyìn, wọn a máa gbà á nímọ̀ràn nígbà tí wàhálà bá dé.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Ọba kì í bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ tààrà. Alágbàsọ ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí ó ń sọ ọ́ fún àwùjọ. Ṣùgbọ́n alágbàsọ ọba a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wá. Alágbàsọ ti ilé-iṣẹ́ alágbàṣe kì í sábà dúró níbi tí a ti lè rí i. Ìròyìn ni ẹ ó kà láàárọ̀; ẹ kò ní mọ ẹni tí ó jókòó di òru nítorí rẹ̀.

Ọdún 1990 ni ìjọba ológun ṣe Òfin Kẹrìndínlógún, tí ó fún ẹgbẹ́ àwọn alukoro ilẹ̀ wa, NIPR, ní àṣẹ láti máa ṣe ìtọ́jú iṣẹ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo gba iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ìdájí ni mo ń jí, kí n lè kọjá kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ta. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni kí n ka gbogbo ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, kí n fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ oníbàárà wa, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. N ó wá fi rúlà wọn ìròyìn náà, a ó sì ṣírò iye tí oníbàárà ìbá san bí ó bá jẹ́ pé ìpolówó ọjà ni ó rà ní ojú ewé yẹn. Èyí ni a fi ń sọ fún un pé owó rẹ̀ kò ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu ènìyàn náà ní gígùn tirẹ̀! Ní ọdún 2010, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí tí wọ́n pàdé ní Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì sọ ọ́ gbangba pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iye iṣẹ́ alukoro. Ó ti pẹ́ jù fún èmi àti rúlà mi.

Ìyà kékeré ni ìyẹn. Bí oníbàárà bá jẹ ilé-iṣẹ́ ní gbèsè, owó oṣù wa a fara gbá a. Bí ìpàdé àwọn oníròyìn bá parí, èmi tí mo kéré jù ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀, n ó máa fi orúkọ pín in. Owó ọkọ̀ ni a ń pè é. Ojú a máa tì mí, ojú a sì máa ti àwọn kan nínú àwọn tí ń gbà á.

Ohun tí ó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì mi. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn ará àdúgbò ń ráhùn pé omi tí ó ń ṣàn jáde níbẹ̀ ń ba odò wọn jẹ́. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní kí n kọ àtẹ̀jáde pé a ti yẹ omi náà wò, kò sí ewu nínú rẹ̀. Mo béèrè ìwé àyẹ̀wò. Ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Mo kọ ọ́.

Mo gbé e lọ fún akọ̀ròyìn kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lọ kí i ní ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo bá a lọ sí ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú. Oníbàárà wa kò mọ̀ ọ́n rí, òun náà kò sì mọ oníbàárà. Èmi ni ó mọ̀. Nígbà tí ó bi mí pé, “Àbúrò, ṣé òótọ́ ni èyí?” tí mo sì dáhùn pé, “Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n,” èmi ni ó gbà gbọ́.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò pé oṣù méjì tí ìjọba fi rán àwọn ènìyàn wá yẹ omi náà wò, ọ̀rọ̀ kò sì rí bí mo ti kọ ọ́. Oníbàárà san owó ìtanràn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa rí oníbàárà mìíràn. Akọ̀ròyìn náà ni wọ́n gbé kúrò níbi iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn. Ó pè mí lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, “Ìwọ ni o sọ fún mi.” Ó gbé e kalẹ̀.

Nínú ìwé àdéhùn mi, ọgbọ́n orí mi àti àkókò mi ni ilé-iṣẹ́ náà rà. Ohun tí oníbàárà rà ní tòótọ́ ni ìgbàgbọ́ tí ọkùnrin yẹn ní nínú mi. Ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan, kò sì sí ẹni tí ó san án padà fún mi.

Ẹni tí ó bá rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí ó gbọ́ ti Bell Pottinger. Ilé-iṣẹ́ alukoro ńlá ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2016 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún Oakbay, ilé-iṣẹ́ ìdílé Gupta, àwọn ọ̀rẹ́ Ààrẹ Jacob Zuma ti ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, fún £100,000 lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic Alliance fi ẹjọ́ sun ẹgbẹ́ àwọn alukoro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìpolongo náà ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ẹgbẹ́ náà lé Bell Pottinger jáde fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Àwọn oníbàárà ń sá lọ. Kí oṣù náà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà kò lè dá dúró mọ́.

Ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ díẹ̀ ni ó fọwọ́ kan iṣẹ́ Gupta. Àwọn yòókù ń ṣe ti oníbàárà mìíràn ní tábìlì tiwọn. Síbẹ̀ iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá nígbà tí a bá bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì wa tí ó mọ bí a ti ń jẹ́ ẹ. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kì í bá ọ̀gá jà. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n kọ ohun tí kò dá wọn lójú, wọn á kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn á fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rí yẹ kí ó wà, wọn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a fi orúkọ ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò àti ọjọ́ tí ó ṣe é sí i. Ọ̀gá kò lè sọ pé wọn kò ṣe iṣẹ́. Kò sì lè rán ìwé tí ó ní àlàfo jáde. Mo rí ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ́ẹ̀ tí ó kú sórí tábìlì ọ̀gá. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Lójú mi ni wọ́n ṣe gbé àwọn ọmọ tí Àǹtí kọ́ níṣẹ́ kọjá lórí wọn.

Nítorí náà, n kò lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí ó máa bọ̀ tàbí kí ó má wá. Iṣẹ́ náà ní adùn. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, mo bá ilé-iṣẹ́ mìíràn kọ ìkéde lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, ìyá kan ní Mushin sì sọ fún mi pé ohun tí òun gbọ́ lórí rédíò ni ó mú òun gbé ọmọ wá.

Nítorí ìkéde yẹn ni mo ṣe pe akọ̀ròyìn náà, ní ọdún kẹrin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ omi. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Àbúrò, fi ẹ̀rí ránṣẹ́ kí o tó fi ìròyìn ránṣẹ́.” Mo fi ránṣẹ́.

Olóòtú, ibi tí mo bá tèmi dé nìyẹn. Àwọn tí a jọ jókòó yìí náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu wọn.