Ohun Tí Àwọn Olórí Ìsìn Ì Bá Ti Ṣe fún Galileo

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní Ògùn Wọ́tásáìdì

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn kíláàsì wa tí ó wà lẹ́bàá omi. A dé ojú ìwé tí ó sọ pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká. Baba apẹja kan kà á, ó tún un kà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lọ sọ ọ́ nínú ìjọ rẹ̀. Olórí ìjọ náà bínú. Ó ní ìwé mímọ́ sọ pé Jóṣúà pàṣẹ kí oòrùn dúró, oòrùn sì dúró. Bí oòrùn kì í bá rìn tẹ́lẹ̀, báwo ni yóò ṣe dúró? Ó ní kí baba náà dìde níwájú gbogbo ìjọ, kí ó sọ pé irọ́ ni òun pa. Baba kò fẹ́ ìjà. Ó dìde, ó sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà kò wá sí kíláàsì mọ́.

A kò wá bú ẹnikẹ́ni. A kò ní dárúkọ ìjọ, a kò sì ní dárúkọ ìlú. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, àwọn tí ó ṣe é sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Ítálì tí ń jẹ́ Galileo Galilei. Ìlú Pisa ni a bí i sí ní 1564. Olùkọ́ ìṣirò ni. Kì í ṣe kèfèrí o. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sì di sísítà. Ní 1609, ó gbọ́ pé àwọn ará Họ́láńdì ti ṣe awò kan tí ó ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ ojú. Ó ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e sójú ọ̀run lálẹ́. Ó rí òkè àti àfonífojì nínú òṣùpá. Ní oṣù January 1610, ó rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n ń yí ìràwọ̀ ńlá kan ká, èyí tí a ń pè ní Júpítà. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà ń kọ́ni ni pé ayé yìí nìkan ni ohun gbogbo ń yí ká.

Copernicus, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní ilẹ̀ Pólándì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1543 pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká. Galileo wá sọ pé òótọ́ ni Copernicus sọ. Ó ti parí nìyẹn! Ní 1615, àwọn àlùfáà kan fi í sùn ní Róòmù pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tako Bíbélì.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ní oṣù April ọdún 1615 náà, àgbà kan ní Róòmù, Kádínà Robert Bellarmine, kọ lẹ́tà sí àlùfáà kan tí ó ń gbè sẹ́yìn Copernicus. Ó sọ nínú rẹ̀ pé bí ẹ̀rí tí ó dájú bá jáde pé ayé ni ó ń rìn, àwọn yóò ní láti rọra tún ẹsẹ Bíbélì wọ̀nyẹn wò, kí àwọn sì gbà pé àwọn ni kò lóye wọn, dípò kí àwọn pe ohun tí a ti fi ẹ̀rí hàn ní irọ́. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò tíì rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà sí wọn. Inú ilé wọn ló wà, ọwọ́ àgbà wọn ni ó sì kọ ọ́.

Bí ọ̀ràn ààlà oko bá dé iwájú àwọn àgbà níhìn-ín, wọn kì í jókòó sílé dá a. Wọn a bọ́ sóko, wọn a wo ibi tí pèrègún wà. Àwọn ará Róòmù náà ní ẹni tí wọ́n lè rán lọ wo pèrègún. Ní 1611, àwọn àlùfáà Jésúítì ti fi awò wo ọ̀run fúnra wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Róòmù, wọ́n sì jẹ́rìí pé àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin náà wà lóòótọ́. Irú àwọn wọ̀nyẹn ni wọn ì bá ti pè jókòó, kí wọ́n fún wọn ní ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, kí wọ́n máa wò, kí wọ́n máa ṣírò. Dípò bẹ́ẹ̀, ní February 1616, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn mọ́kànlá ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n sì ti ní òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ní March, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé Copernicus títí a ó fi tún un ṣe. Bellarmine fúnra rẹ̀ ni wọ́n rán pé kí ó kìlọ̀ fún Galileo.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi ojú kan wo ọ̀rọ̀. Ẹ̀rí Galileo náà kò pé. Èyí tí ó gbójú lé jù lọ ni kíkún àti fífà omi òkun. Ó ní nítorí pé ayé ń rìn ni omi fi ń kún tí ó sì ń fà, bí omi tí ó wà nínú ọkọ̀ ṣe ń mì síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹ̀yin apẹja Mákùn-Omi, ẹ̀rín ń pa yín, àbí? Ẹ mọ̀ pé bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí ó bá yọ kíkún, òkun a máa kún ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Kepler sọ ọ́ nígbà náà pé ọwọ́ òṣùpá wà nínú rẹ̀, Galileo sì kò gbà. Nítorí náà, àwọn olórí ìjọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún un pé: “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀rí rẹ kò tíì tó. Lọ wá sí i.” Ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àní 1838 ni Bessel, ará Jámánì, tó wọn ìràwọ̀ kan, tí ó rí i pé ó ń yẹ̀ díẹ̀ lójú wa bí ayé ti ń rìn.

Ní 1623, ọ̀rẹ́ Galileo kan di Póòpù, Urban Kẹjọ. Ó gbà kí Galileo kọ̀wé, bí ó bá ti lè sọ ti ọ̀tún sọ ti òsì. Ìwé náà jáde ní 1632. Àwọn tí ń yẹ ìwé wò fún ìjọ sì ti fọwọ́ sí i. Èdè Látìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ kọ́ ni Galileo fi kọ ọ́ o. Èdè Ítálì tí wọ́n ń sọ lọ́jà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá lónìí, ẹ ó mọ ìdí tí èyí fi kó ìpayà bá àwọn kan. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú Látìn, ọ̀mọ̀wé mélòó ló fẹ́ gbọ́ ọ?

Galileo sì ṣe àṣìṣe kan. Ọ̀rọ̀ tí Póòpù fúnra rẹ̀ máa ń sọ, ẹnu ẹni tí ó dà bí òpè jù nínú ìwé náà ni ó fi í sí. Níbi yìí, a kò gbè é. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀sí bá wà nínú ìwé, kí wọ́n bá a wí nítorí ìwọ̀sí, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó tún ojú ewé náà kọ. Ìwọ̀sí yàtọ̀ sí ìràwọ̀. Póòpù ì bá tilẹ̀ ti ní kí ẹlòmíràn kọ ìwé fèsì. Wọ́n pe bàbá ẹni ọdún 68, tí ara rẹ̀ kò dá, wá sí Róòmù, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ ọn. Ní June 22, 1633, ó kúnlẹ̀, ó sẹ́ ohun tí ó kọ. Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n dáná sun ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ni wọ́n sé e mọ́. Ojú rẹ̀ fọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní January 1642.

Nínú ìwé-òfin ti 1835 ni wọ́n tó yọ ìwé Galileo kúrò lára àwọn tí ó jẹ́ èèwọ̀. Ní October 31, 1992, Póòpù John Paul Kejì sọ ní gbangba pé àwọn tí ó dá ẹjọ́ náà ṣe àṣìṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 359.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí wa. Nígbà tí ìgbóná ń pa ènìyàn níbẹ̀, Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, rí i pé àwọn ènìyàn ń sá fún búpá. Ó ní láti wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná ní ìkọ̀kọ̀ kí ó tó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn. Lẹ́yìn náà, ìjọba fi òfin de ìsìn náà. Lójú tiwa, èyí náà kò dára tó. Bí àwọn àwòrò bá ti ṣílẹ̀kùn fún un, tí ìjọba náà sì jókòó ti àwọn àwòrò, búpá ì bá ti tètè wọ ilé púpọ̀. Ní 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán láyé.

Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọkùnrin kan béèrè pé bí ayé bá ń yí, kí ló dé tí a kì í ṣubú? A ní kó jókòó, kó yé yọ kíláàsì lẹ́nu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé a kò mọ ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

A ti lọ kí olórí ìjọ baba apẹja náà. A kò bá a jiyàn. A ní yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, pé àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí wà níbẹ̀, a ó sì bá a dé ibẹ̀ bí ó bá fẹ́ bi wọ́n léèrè. A ní bí ó bá sì rọrùn fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá jókòó ní kíláàsì wa, kí ó ka ojú ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ó sọ tirẹ̀, kí baba sọ tirẹ̀. Ó ní òun yóò rò ó. Láti ibẹ̀ a dé ọ̀dọ̀ baba. Ó ń tún àwọ̀n ṣe. Kò sọ nǹkan kan nípa ìjọ. Ó kàn béèrè pé ojú ìwé mélòó ni a dé báyìí. A fi ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni kíláàsì.