Etí Kì í Kọ́ṣẹ́ Bí Ẹnu Bá Dákẹ́

  Bí ẹ bá rí i pé ojú mi pọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún àbúrò mi pé n ó sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, òun náà sì ti fún mi láyè láti sọ ọ́.

Àbúrò mi obìnrin yìí wà ní ọdún kejì ní yunifásítì níbí. Orin ló ń kọ́. Bó bá jókòó sídìí píánò, ẹ ó gbàgbé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kíláàsì kan wà tó máa ń sá fún: èyí tí olùkọ́ ti máa ń gbé orin téèyàn ò rí rí síwájú rẹ̀, tí á ní kó kọ ọ́ lẹ́nu, láìsí píánò. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí nígbà tí mo ń sinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń sunkún. Ó ní, "Àǹtí mi, mo fẹ́ fi kọ́ọ̀sì yìí sílẹ̀. Mi ò ní etí."

Mo bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Ó ní inú ọkàn lòun ti máa ń kọ ọ́. Bó bá wá kan òun, òun á rọra kùn ún lábẹ́ ètè, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ bí òun bá ṣì í.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fẹ́ sọ pé ọkọ̀ iléèwé òun ti dé, ló bá ní, "Ọkọ mi ti dé." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà bá sọ Yorùbá sí i, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Mo ti bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo sọ fún un ni mò ń sọ fún yín. Ẹni tó bá gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín igba, igbá, ìgbà àti ìgbá, ẹni náà ní etí. Ohùn màmá wa ga ju ti bàbá wa lọ, síbẹ̀ bí àwọn méjèèjì bá pe "igbá", a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Etí wa kì í wo bí ohùn ṣe ga tó. Àyè tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì ló ń wò. Bí sol-fa náà ṣe rí nìyẹn. Do lè wà níbikíbi. Bẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tó wà, ẹ ti mọ ilé àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Do, re, mi ti àmì ohùn wa ò tó fún orin. Nínú ọ̀rọ̀, àyè yẹn lè fẹ̀, ó sì lè fún. Nínú orin, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Do sí re gùn, re sí mi gùn, ṣùgbọ́n mi sí fa kúrú, ìdajì ni. Ti sí do náà, ìdajì ni. Ìyẹn la gbọ́dọ̀ kọ́.

Sarah Glover, olùkọ́ kan ní Norwich, ló kọ́kọ́ ṣe ìlànà yìí ní Ìlú Ọba níbí, John Curwen wá tún un ṣe, ó sì tàn ká. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń lò nílé títí dòní. Màmá wa kọ alto n'Íbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, sol-fa nìkan ló sì ń kà. Bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màmá lórí fóònù láràárọ̀ nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ohun tí wọ́n ń ṣe rèé. Wọ́n á mú do, wọ́n á kọ do, mi, so, wọ́n á padà sí do, títí ilé á fi dúró létí. Lẹ́yìn náà, orin tuntun. Kó tó la ẹnu, á wo ibi tí do wà, á wo nóòtì tí orin fi bẹ̀rẹ̀, á sì pàtẹ́wọ́ bí orin ṣe ń rìn, láìtíì kọ ohùn kankan. Bí fífò kan bá le, bíi re sí la, á kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn rẹ̀: re, mi, fa, so, la. Lẹ́yìn náà ló máa fò ó. Bó bá ṣì í, kò ní dúró. Á wá do, á sì máa bọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n tẹ orin fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lẹ́nu kó tó kọ ọ́ síwèé.

Òfin kan ni Màmá ṣe: ohùn gbọ́dọ̀ jáde. Ó ní, "Èyí tí mi ò gbọ́, mi ò lè tún un ṣe."

Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, ẹ̀rọ kan wà tí a máa ń fi há ìka aláìsàn. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń dún bí ọkàn ṣe ń lù. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bá ń dínkù, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ariwo lásán ni létí mi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ti ń yíjú kí n tó mọ̀ pé mo gbọ́ nǹkan. Wọn ò fún mi ní etí mìíràn o. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe ìdánwò píánò ABRSM, èyí tí wọ́n ń pè ní Practical Grade, máàkì 18 nínú 150 wà fún etí nìkan. Ẹ má dúró dé ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ sàn ju wákàtí méjì ní Sátidé.

Àbúrò mi tún ìdánwò rẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá. Ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì náà ò pọ̀. Àná ló sọ fún Màmá pé òun fẹ́ ra "ọkọ". Màmá ní, "Èwo? Re re ni àbí re do?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un pè, sókè ketekete.

Ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Ó dàbọ̀ o.