Ìwé Tí Ó Tẹ̀lé Mi Dé Òkè-Sopẹ́n

Láti Òkè-Sopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti wá bá yín sọ̀rọ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ó ru gẹdú ti máa ń gba àárín ilé kọjá bí ẹni pé inú igbó ni wọ́n ṣì wà. Eré àsápajúdé ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, àti ohun tí ó ń bẹ níwájú ẹni tí kámẹ́rà bá mú. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Bí ohùn mi bá rọ̀ jù níbì kan, ẹ má ṣe rò pé rédíò yín ni ó bàjẹ́.

Ní àìpẹ́ yìí, mo lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní London. Ọmọ náà ń wa ọkọ̀ tí ń kó ọjà lọ sí ilé àwọn tí wọ́n rà á, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo máa padà wálé, èmi ni mo pẹ́. Mo ń di ẹrù, mo ń tú u, nítorí pé àwọn ìwé tí mo rà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wúwo ju ohun tí ọkọ̀ òfurufú gbà lọ. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago, kò sọ nǹkan kan, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ní òpópónà kan ní gúúsù London, níbi tí àkọlé etí ọ̀nà ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré ju máìlì 20 ní wákàtí kan, 32 ni ọmọ náà ń sá. Mo rí ohun kan tí ó kọ mànà lẹ́yìn wa lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé òjò ni ó fẹ́ rọ̀. Òun mọ̀ pé kì í ṣe òjò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sọ ohun tí ó kọ mànà náà fún yín, nítorí pé ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ni. Ọkùnrin ará Hólàǹdì kan, Maurice Gatsonides, ni ó ṣe irú ẹ̀rọ náà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Ẹ má ṣe rò pé ọlọ́pàá ni, tàbí ẹni tí ó kórìíra eré. Asáré-ìje mọ́tò ni! Òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Monte Carlo ní ọdún 1953. Ó ń wá ohun tí yóò fi wọn eré ara rẹ̀ níbi kọ́nà, kí ó lè túbọ̀ yára sí i, ni ó fi ṣe ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ káàkiri ayé ń ṣépè fún títí di òní. Ẹ̀rọ náà ń rán ìgbì kan tí ojú kò rí sí ara ọkọ̀ tí ń lọ, bí ìgbì náà ti ń ta padà ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Bí eré náà bá ti kọjá òfin, yóò ya àwòrán méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fa ìlà funfun sójú ọ̀nà, iye ìlà tí ọkọ̀ kọjá láàárín àwòrán méjèèjì ni wọ́n fi ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà wò, kí ó má baà jẹ́ pé irọ́ ni ó ń pa mọ́ ènìyàn.

Irú mìíràn wà tí ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà kan á wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, òmíràn á wà ní òpin, àwọn méjèèjì á ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù yín. Bí àárín kámẹ́rà méjèèjì bá jẹ́ kìlómítà 5, tí ọkọ̀ kan sì fi ìṣẹ́jú 3 péré rìn ín, eré kìlómítà mélòó ni ó ń sá ní wákàtí kan? Ẹ ó rí i pé 100 ni. Ẹni tí ó bá rọra kọjá lójú kámẹ́rà, tí ó wá ń fò nígbà tí ó kọjá tán, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ẹ lè bi mí pé kí ni máìlì 20 àti máìlì 30 fi yàtọ̀ tí òfin fi ń bínú tó bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ojú ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọkọ̀ tí ń sá máìlì 20 yóò rìn tó mítà 12 kí ó tó dúró pátápátá, láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí ewu. Èyí tí ń sá 30 yóò rìn tó mítà 23. Bí ọmọdé kan bá wá já sójú ọ̀nà ní mítà 15 níwájú yín ńkọ́? Ti àkọ́kọ́ yóò dúró ṣáájú ọmọ náà. Èkejì kò ní dúró. Ní òwúrọ̀ tí mo ń sọ yìí, ọmọ kankan kò já sójú ọ̀nà. Mo máa ń rántí ìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dé ilé tí ìwé dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí òfin wọn ti wí nìyẹn: láàárín ọjọ́ 14, ìwé gbọ́dọ̀ tọ ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ lọ, òun náà ní ọjọ́ 28 láti kọ ọ́ pé ta ni ó wa ọkọ̀ náà. Owó ìtanràn kò ju £100 lọ fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, pẹ̀lú àmì mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní pọ́ìntì lórí láísẹ́ǹsì. Ẹni tí pọ́ìntì rẹ̀ bá pé 12 láàárín ọdún mẹ́ta yóò fojú ba ilé-ẹjọ́, wọn a sì máa gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ irú wọn fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Mẹ́sàn-án sì ti wà lórí ìwé ọmọ yìí ná, láti inú ìkánjú àtẹ̀yìnwá tí èmi kò sí níbẹ̀.

Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ fi orúkọ yín sí i. Ẹ ti padà sílé, kò sí ẹni tí yóò wá yín wá sí Òkè-Sopẹ́n. Ẹ kò ní láísẹ́ǹsì tiwọn tí wọn yóò kọ pọ́ìntì sí." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ sì mọ̀ pé nítorí yín ni mo ṣe sáré."

Gbólóhùn tí ó sọ kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Òótọ́ ni ó sọ. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi di àárọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìtàn obìnrin kan ni mo fi dá a lóhùn. Fiona Ọ̀nàsànyà ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, orúkọ tí a sì fi Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àjòjì ní etí wa ní Ìjẹ̀bú. Agbẹjọ́rò ni. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2017, àwọn ará Peterborough dìbò yàn án sí ilé aṣòfin. Ní ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ ọdún kan náà, kámẹ́rà mú ọkọ̀ rẹ̀ ní Thorney, ó ń sá máìlì 41 níbi tí òfin ti sọ pé 30. Ìwé lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èsì tí ó padà sọ pé ọkùnrin kan tí ó ti gbé ilé wọn rí ni ó wa ọkọ̀. Àwọn ọlọ́pàá wádìí: Rọ́ṣíà ni ọkùnrin náà wà lọ́jọ́ náà! Wọ́n sì fi fóònù obìnrin yìí mọ̀ pé agbègbè ibẹ̀ ni òun wà. Arákùnrin rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, nítorí pé ó ti ṣe irú rẹ̀ fún ara rẹ̀ náà. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Obìnrin náà ní òun kò jẹ̀bi. Àwọn ará ìlú tí ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ kò lè fohùn ṣọ̀kan nígbà àkọ́kọ́, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2018 wọ́n dá a lẹ́bi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ti lé e. Àwọn ará Peterborough tí ó ju 19,000 lọ fọwọ́ sí ìwé pé kí ó máa bọ̀ nílé, ni ó fi di aṣòfin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ yọ nípò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: £100 àti pọ́ìntì mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ìbá jẹ́. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Chris Huhne, tí ó ti jẹ́ mínísítà, àti ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 2013, oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ, nítorí pọ́ìntì tí ìyàwó gbà fún ọkọ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú.

Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé bí wọ́n bá kọ̀wé sí mi, n óò ní láti dáhùn, bí mo bá sì ní èmi ni mo wa ọkọ̀, wọn yóò béèrè ìwé adójútòfò tí ó fún mi láyè láti wà á. Irọ́ kan kì í dá rìn. Mo ní, "Èmi kò ní fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pẹ́ nínú ilé, n óò bá ọ san nínú owó náà." Ó já fóònù náà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan nìyí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́, ní ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí ń wọn eré. Àárín ìlú ni kìlómítà 50, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sá 100 lórí òpópónà márosẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó, ìjọba ti gbé kámẹ́rà kọ́ sójú ọ̀nà, ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ìkéde ẹ̀ṣẹ̀ sì ń wá sórí fóònù ẹni tí ó forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Mélòó nínú àwa tí a ra ọkọ̀ ni a ti yí ìwé rẹ̀ padà sí orúkọ ara wa? Mo mọ àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó níhìn-ín tí ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún wọn ni yóò máa gba ìkéde ẹ̀ṣẹ̀ wọn, n kò ní dárúkọ wọn.

Ọmọ náà kọ orúkọ ara rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ náà bọ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni ó ti ń di ẹrù lóru, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń rìn lọ. Mo fi owó tí mo ṣèlérí ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí iye náírà tí ó jẹ́, mo jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ̀, wá sí ilé mi, kò gba àga. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni o pẹ́, ọmọ mi ni wọ́n gba ìwé rẹ̀." N kò rí èsì fún un. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà ni ó ti máa ń gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ Sunday. Láàárín oṣù mẹ́fà náà, abọ́ kankan kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀, abọ́ dé. Kò sí ẹja nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́ náà, mo sì gbé e padà lọ fún un fúnra mi.