Orúkọ Tó Tọ́ sí Ara Ilé



Ọ̀rọ̀ mi dá lórí orúkọ tí à ń kọ sára ilé ní yunifásítì. Ilé-ìkàwé Widener ní Yunifásítì Harvard, Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1912, Eleanor Widener, George ọkọ rẹ̀, àti Harry ọmọ wọn wà nínú ọkọ̀ ojú omi Titanic nígbà tó rì. Ìyá yè é. Bàbá àti ọmọ bómi lọ. Ẹni ọdún 27 ni Harry. Ó ti kàwé jáde ní Harvard lọ́dún 1907, ìwé àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n ló sì máa ń rà jọ. Nítorí rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ odindi ilé-ìkàwé fún Harvard, tí wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1915. Ìwé tó wà níbẹ̀ lónìí tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní àárín rẹ̀ ni yàrá ìrántí wà, tí ìwé Harry, bíi 3,300, tò sí, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lára ògiri.

Ìyá yìí ló yan Horace Trumbauer, ará Philadelphia, láti ya ilé náà. Ó sì fi sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ìta rẹ̀ padà.

Olórí àwọn ayàwòrán ilé ní ọ́fíìsì Trumbauer nígbà náà ni Julian Abele, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè nínú ìmọ̀ yíya ilé ní Yunifásítì Pennsylvania, lọ́dún 1902. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló ń wà lórí iṣẹ́ tí ọ́fíìsì bá gbé jáde. Abele náà ló ya ilé ìjọsìn gíga ti Yunifásítì Duke, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ ìdílé olówó tábà sọ. Nígbà tí Abele kú lọ́dún 1950, Duke kò tíì máa gba akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀. Ìgbà tí ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tó ń kàwé níbẹ̀ kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́dún 1986, ni ọ̀pọ̀ èrò ọgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede ńlá tó wà láàárín ọgbà.

Ẹni tó mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá. Olówó tó kọ́ ilé fún ọmọ ọlọ́mọ ṣe ohun ńlá, orúkọ rẹ̀ sì tọ́ sí ara ilé. Ṣùgbọ́n owó kò lè ya ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ògiri. Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ yunifásítì wa: lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbẹ́ orúkọ olùtọrẹ sára òkúta ìṣílé, ẹ gbẹ́ orúkọ ẹni tó ya ilé náà àti ti olórí àwọn bíríkìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí àwọn ọmọ wọn lè bá wọn jókòó síbi ayẹyẹ.