Tèṣọ́ọ̀n Kì í Dá Ṣiṣẹ́: Ohun Tí Bàbá Àgbà Kọ́ Mi Nípa Rélùwéè

Bí ẹ bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá ń fọṣọ, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ rélùwéè la fẹ́ sọ lónìí.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí tèṣọ́ọ̀n rélùwéè àtijọ́ tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Mo ya fọ́tò bí ogójì. Mo ya ògiri, mo ya òrùlé, mo ya fèrèsé. Mo rò pé ètò ọ̀sẹ̀ yìí ti parí nìyẹn. Mo wá gbé fóònù lọ bá Bàbá Àgbà, torí rélùwéè ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n wo fọ́tò náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n ní, "Ilé lo yà. Ojú irin ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi orúkọ bàbá mi pè mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tèṣọ́ọ̀n, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já geere. Kíá ni mo tẹ fóònù, mo ń gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin tó ti Idó l'Ékòó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Lọ́dún 1907, ó ti dé Òṣogbo. Kókó ibẹ̀ ni pé ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mílímítà 1067. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, orí kan náà ni. Mọ́tò lè yà fún mọ́tò. Rélùwéè kò lè yà. Bàbá ní tí mo bá ti mọ ìyẹn, mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe tèṣọ́ọ̀n bí wọ́n ṣe ṣe é.

Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi, wọ́n yí kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan sẹ́yìn, wọ́n fa ìlà gbọọrọ kan. Láàárín rẹ̀, wọ́n la ìlà náà sí méjì, wọ́n tún pa á pọ̀, bí ojú abẹ́rẹ́. Inú ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni tèṣọ́ọ̀n. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kan ti ń dúró kí èkejì kọjá. Pèpéle tí èrò ń dúró sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, irin mìíràn yà lọ sí ilé ẹrù, ó sì parí síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àwọn wágọ́ọ̀nù sí kí wọ́n lè fara balẹ̀ di kòkó sínú wọn láì dínà fún ẹnikẹ́ni. Lókèèrè, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀pá àmì wà níbẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá nà gbọọrọ, ó ní kí o dúró. Bí ó bá rẹ̀ sílẹ̀, máa bọ̀.

Ohun tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá tèṣọ́ọ̀n ló yà mí lẹ́nu jù. Tókìn ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ti báǹkì o! Irin ni, ó tó gbé lọ́wọ́. Àpótí ńlá kan ni wọ́n ń tò ó sí, irú àpótí yẹn kan náà sì wà ní tèṣọ́ọ̀n tó kàn. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Bàbá kò lè dá yọ tókìn. Àfi kí ẹni tó wà lódì kejì fọwọ́ sí i láti orí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì ti jáde, àpótí méjèèjì á tì pa títí ìyẹn yóò fi padà wọlé. Awakọ̀ tí kò bá ní tókìn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kúrò.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò rú òfin náà rí?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ kan, ní tèṣọ́ọ̀n kékeré kan lọ́nà Abẹ́òkúta, àwọn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ èrò dúró, àpótí kò tú tókìn sílẹ̀. Wákàtí kan kọjá. Èrò ń bú wọn. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá kó owó jáde. Awakọ̀ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ̀wé fún mi kí n máa lọ. Kò sí nǹkan kan lójú irin yẹn." Bàbá ní àwọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Nígbà tó pé wákàtí méjì, iná kan yọ ní kọ́ńà. Ọkọ̀ ẹrù ni, ó ń bọ̀ tìrìn-tìrìn.

Mo ní, "Àwọn èrò wá ńkọ́?"

"Wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó kí mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 1.. ẹ má bínú, lọ́dún 2021, láti Èkó dé Mọ́níyà, ẹ ti rí i pé ojú irin méjì ló wà níbẹ̀. Ti àlọ wà lọ́tọ̀, ti àbọ̀ wà lọ́tọ̀. Ó yá, ó sì tutù nínú. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí Dùgbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò ya ògiri mọ́. Ibi tí irin ti là sí méjì ni mo lọ dúró sí. Mo ń ro iye ènìyàn tó délé láyọ̀ nítorí pé ẹnì kan níbì kan kọ̀ láti dá ṣe é.

Nígbà tí mo dé, mo mú kàlẹ́ńdà náà han Bàbá. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló ya èyí?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ní, "Ọ̀gá kan ni, Bàbá."

Wọ́n gba báírò. Wọ́n ní, "Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọ̀pá àmì kan." Wọ́n sì fi kún un.

Bí àgbà kan bá wà nílé yín tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ gbé fóònù síwájú wọn lónìí. Ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.